Ẹ má tíì ra kámẹ́rà yẹn, ẹ kọ́kọ́ kó ìgò burúkú yín jọ

Ẹnì kan tó ń bójú tó iṣẹ́ ní fákítìrì kan lọ́nà Ọ̀tà, níbi tí wọ́n ti ń rọ júùsì ọsàn sínú ìgò rọ́bà 50cl, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá wa ní ká ra kámẹ́rà tí á máa yẹ ìgò wò lórí láìnì, torí àwọn oníbàárà ti ń dá ọjà padà, ìdérí òmíràn ò wọlé dáadáa, òmíràn ò kún, òmíràn ò ní déètì lára. Ìgò 18,000 là ń ṣe ní wákàtí kan. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá bá wa fẹ́ ta kámẹ́rà 12 megapixel pẹ̀lú kọ̀ǹpútà fún wa, ó ní AI wà nínú ẹ̀. Ẹnì kejì ní smart camera kékeré ti tó, owó tiẹ̀ ò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Èwo ni ká rà? Ọ̀gá fẹ́ gbọ́ èsì ní Mọ́ńdè."

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kí ẹ tó sanwó. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó máa ń pè mí, ìgbà tí wọ́n bá ti rà á tán tí kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n máa ń rántí mi, màá dé ibẹ̀ màá bá kámẹ́rà olówó gọbọi tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé, eruku ti bò ó, àwọn obìnrin méjì sì ti padà sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìnì, wọ́n ń fojú wo ìgò bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun tó o lè sọ fún ọ̀gá yín ní Mọ́ńdè ni pé kí wọ́n má tíì ra ìkankan nínú méjèèjì. 12 megapixel yẹn, ìyẹn pixel mílíọ̀nù méjìlá, àwọn àmì tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán, pọ̀ jù fún iṣẹ́ yín, mo máa fi ìṣirò hàn ẹ́. Smart camera yẹn, ìyẹn kámẹ́rà tó ní kọ̀ǹpútà tiẹ̀ nínú, lè tó, ó sì lè má tó, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà rẹ ni pé kò sí ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì tó ní kí ẹ kó ìgò burúkú yín wá kí òun wò ó. Télọ̀ tí ò tíì wọ̀n ẹ́ rárá tó ti ń sọ iye yáàdì, ṣé wàá gbé aṣọ ẹ fún un?

Ó dáa, jẹ́ ká mú ìdérí. Èyí tí ò bá wọlé dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ máa ń ga ju ìkejì lọ, bóyá 1 mm, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀. Ká ní 0.5 mm lẹ fẹ́ kí kámẹ́rà mú. Àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ kí nǹkan tó kéré jù tá à ń wá gba bíi pixel mẹ́rin nínú àwòrán, torí tó bá jẹ́ pixel kan péré, eruku lásán lè jọ ọ́, kámẹ́rà á wá máa pariwo olè lórí aláìṣẹ̀. Pín 0.5 mm sí mẹ́rin, 0.125 mm nìyẹn fún pixel kan. Ibi tí kámẹ́rà máa wò, láti orí ìdérí dé ìsàlẹ̀ ibi tó yẹ kí júùsì dé lọ́rùn ìgò, fi àyè díẹ̀ sí i lókè àti nísàlẹ̀, ká pè é ní 100 mm. Ó yá, pín 100 sí 0.125. Ó jẹ́ 800. Pixel 800 péré ni iṣẹ́ yín ń béèrè! Kámẹ́rà 1.6 megapixel, irú èyí tó ní sensor (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀) IMX273 ti Sony nínú, pixel 1440 ló ní lápá kan, 1080 lápá kejì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tẹ́ ẹ nílò.

Ẹni tó fẹ́ tà á á ní ṣebí kó pọ̀ ṣáá ni, àpọ̀jù kì í bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́ o, jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń bàjẹ́ fún ẹ. Ìgò 18,000 ní wákàtí kan, ìgò márùn-ún nìyẹn ní sẹ́kọ́ndì kan. Tó bá jẹ́ 120 mm ló wà láti àárín ìgò kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e, á jẹ́ pé ìgò ń sáré 600 mm láàárín sẹ́kọ́ndì kan. Tí kámẹ́rà bá ṣí ojú sílẹ̀ fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ndì, ìgò á ti sún 0.6 mm kó tó pa ojú dé, ìyẹn sì ti ju àléébù tẹ́ ẹ ń wá lọ, àwòrán á kàn fà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ ni. Ìdá kan nínú 10,000 sẹ́kọ́ndì lẹ nílò, ìgò ò ní lè sún ju 0.06 mm lọ nínú ìyẹn. Kámẹ́rà 1440 tó ń wo 100 mm, pixel kan ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.07 mm, ara tù wá. Èyí tó jẹ́ 12 megapixel, pixel 4096 ló máa ń wà lápá tó gùn, pixel kan ò ju 0.024 mm lọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ èrè gbogbo pixel tẹ́ ẹ sanwó fún, àfi kẹ́ ẹ dín àsìkò yẹn kù sí ìdá kan nínú 25,000, ibo lẹ ti fẹ́ rí iná tó máa mọ́lẹ̀ tó láàárín àsìkò kékeré bẹ́ẹ̀? Iná ńlá, lẹ́ǹsì ńlá, kọ̀ǹpútà ńlá, owó ńlá. Fọ́tò rẹ̀ kan tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12 MB, márùn-ún ní sẹ́kọ́ndì kan jẹ́ 60 MB, wáyà GigE kan, ìyẹn wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gbé àwòrán lọ sí kọ̀ǹpútà, ò sì gbà ju nǹkan bíi 110 MB lọ ní sẹ́kọ́ndì kan, nítorí náà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá so kámẹ́rà kejì mọ́ wáyà yẹn, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Nǹkan kan wà tó yẹ kó o bi àwọn méjèèjì, ṣé global shutter ni kámẹ́rà wọn? Rolling shutter, bíi ti fóònù ọwọ́ wa, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan ló fi ń ka àwòrán, ìlà àkọ́kọ́ ti kọjá kó tó dé ti ìkẹyìn. Ya fáànù òkè ilé tó ń yí wàìwàì, wàá rí i bí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ ṣe máa tẹ̀ kọ́ríkọ́rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa tẹ ìgò tó ń sáré, ìgò tó dúró ṣánṣán á dà bíi pé ó fẹ́ ṣubú. Global shutter, tó ń ya gbogbo ìlà àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, ni kẹ́ ẹ rà, mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Iná wá ni mo fẹ́ kó o jókòó tì dáadáa, torí iná ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kámẹ́rà kàn ń jẹ́ ẹlẹ́rìí ni. Lálẹ́ òní tí NEPA bá mú iná lọ, wọ́n á kúkú mú un, gbé ìgò júùsì yín kan sórí tábìlì, èyí tí wọ́n tẹ déètì dúdú sí ní èjìká. Wá fóònù méjì. Jẹ́ kí ojú fóònù kan pupa látòkè délẹ̀, gbé e sún mọ́ ìgò náà, kó o fi fóònù kejì yà á, lẹ́yìn náà kó o yí fọ́tò yẹn sí black and white. Júùsì ọsàn á mọ́lẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, déètì á wá dúdú kirikiri lórí ẹ̀ bí ẹni sá ṣòkòtò dúdú sórí aṣọ àlà. Yí ojú fóònù sí búlúù báyìí, tún un yà. Júùsì á ṣókùnkùn, déètì á wọnú ẹ̀ lọ, o ò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ìgò kan náà ni, fóònù kan náà ni, ìwọ kan náà lo yà á. Àwọ̀ ọsàn máa ń dá iná pupa padà, ó sì máa ń gbé búlúù mì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí megapixel tó lè tún fọ́tò kejì yẹn ṣe, kò sí AI tó lè ka ohun tí ò sí níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n ra kámẹ́rà dúdú-àti-funfun, kí wọ́n fi àwọ̀ iná ṣe iṣẹ́ àwọ̀. Kámẹ́rà aláwọ̀ máa ń pín pixel ẹ̀ láàárín pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, pixel kọ̀ọ̀kan ń rí àwọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, ó wá ń méfò èyí tó kù lára àwọn tó yí i ká. Àfi tẹ́ ẹ bá ń ṣe júùsì oríṣi mẹ́ta lórí láìnì kan tẹ́ ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìdérí ọ̀pẹ òyìnbó ti bọ́ sórí ìgò ọsàn, ìgbà yẹn lẹ lè ra aláwọ̀.

Ní ti bó ṣe kún tó, ẹ̀yìn ìgò ni kẹ́ ẹ gbé iná sí, iná pẹlẹbẹ tó funfun tó tàn káàkiri, kí kámẹ́rà wà níwájú. Júùsì ọsàn máa ń dí iná, òkè ẹ̀ á mọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á dúdú, ìlà tó wà láàárín méjèèjì lẹ máa wọ̀n. Ìdérí náà á jáde bí òjìji lókè níbẹ̀, tó bá wọ́, ẹ máa rí i kedere, kámẹ́rà kan ṣoṣo á wá ṣe iṣẹ́ méjì. Ohun tó máa ń da èyí rú ni fóòmù. Tẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń rọ júùsì gan-an, fóòmù ṣì wà lókè, á sì máa rò pé ìgò ti kún. Ẹ jẹ́ kó rìn síwájú díẹ̀ kí fóòmù lọ sílẹ̀. Ká ní omi lásán lẹ ń rọ ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, torí iná ń gba inú omi kọjá gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gba inú ìgò òfìfo kọjá, a máa ń fi ìlà dúdú funfun sí ẹ̀yìn ẹ̀ ni, omi á tẹ àwọn ìlà náà, ibi tí wọ́n bá ti yí padà ni omi dé. Ti agolo tún burú ju ìyẹn lọ, kámẹ́rà ò lè rí inú irin, X-ray tàbí gamma ni wọ́n ń lò, gamma sì ní ohun olóró nínú tí NNRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìtànṣán olóró, gbọ́dọ̀ fún yín láṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Tiyín ò le rárá, ẹ dúpẹ́ pé ọsàn lẹ ń tà.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí mo fojú ara mi rí. Fákítìrì kan ní Ògùn pè mí, wọ́n ní kámẹ́rà àwọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, tó bá ti di aago méjì ọ̀sán ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í lé ìgò gidi dànù, tó bá di aago mẹ́rin kọjá ara ẹ̀ á tún balẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ lẹ́ǹsì, wọ́n ti pààrọ̀ wáyà, ẹni tó tà á fún wọn ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnì kan tiẹ̀ ti ń sọ pé ayé ló wà nídìí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àga. Mo jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án, mo ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tó di aago méjì kọjá díẹ̀, mo rí i. Páànù òrùlé wọn, àwọn kan nínú ẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé kí wọ́n má bàa máa tan iná lọ́sàn-án, oòrùn sì ti ń gba ibẹ̀ rìn bọ̀ nílẹ̀ látàárọ̀, ìlà funfun tóóró kan, ó gun ẹsẹ̀ kọ́nféyọ̀ (bẹ́líìtì tó ń gbé ìgò lọ), ó gun ìgò, ó bọ́ sára lébẹ̀lì. Ibi tó kàn yẹn ń dán yanran bíi dígí. Káfíńtà kan la pè, ó fi plywood ṣe àpótí bo ibi tí kámẹ́rà wà, a fi ọ̀dà dúdú tí kì í dán kun inú ẹ̀, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ ni pé kí àpótí yẹn wà nínú ìwé tí wọ́n bá kọ owó sí fún yín, kì í ṣe nǹkan àfikún. Ẹ tún jẹ́ kí iná tiyín lágbára ju ti inú ilé lọ, torí gílóòbù gígùn (fluorescent) tó ń lo iná NEPA máa ń ṣẹ́jú 100 nígbà ní sẹ́kọ́ndì kan, ojú wa ò rí i, àmọ́ kámẹ́rà tó ń ya fọ́tò fún ìdá kan nínú 10,000 á rí i, fọ́tò kan á mọ́lẹ̀, èkejì á ṣókùnkùn.

Lẹ́ǹsì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fífẹ̀ sensor yẹn jẹ́ 5 mm, ẹ fẹ́ wo 100 mm, tẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà sí 320 mm sí ìgò, lẹ́ǹsì 16 mm ló bá a mu. Ẹ má ra èyí tó ń fà sókè sódò bíi zoom, torí kọ́nféyọ̀ máa ń gbọ̀n, láàárín oṣù mẹ́ta ó ti yí ara ẹ̀ padà. Èyí tó ní skúrùù tẹ́ ẹ lè fún pa ni kẹ́ ẹ wá.

Níbo ni ẹ ń ju ìgò burúkú sí? O ò sọ nínú lẹ́tà rẹ, àwọn tó fẹ́ tà á náà ò sì dárúkọ ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń daru. Kámẹ́rà á rí ìgò burúkú, ó dáa, ìgò náà ò dúró dè é, ó ń lọ. Ká ní púṣà tó máa tì í dànù wà ní 600 mm síwájú, ìgò máa débẹ̀ lẹ́yìn sẹ́kọ́ndì kan. Ọ̀lẹ á ṣe é pé tí kámẹ́rà bá ti sọ pé ó burú, ka sẹ́kọ́ndì kan kí o tì í. Wàyí o, iná yí láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀, tàbí ìgò pọ̀ níwájú, kọ́nféyọ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀ péré, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn sẹ́kọ́ndì kan yẹn, ìgò burúkú ṣì ku 60 mm kó débẹ̀, ìyẹn ìdajì àlàfo tó wà láàárín ìgò méjì, púṣà á gbá afẹ́fẹ́ tàbí kó gbá ẹ̀gbẹ́ ìgò tó wà níwájú ẹ̀, ìgò burúkú á kọjá lọ wẹ́rẹ́ sínú páálí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń bú kámẹ́rà fún oṣù mẹ́fà, kámẹ́rà sì ń sọ òótọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Encoder ni kẹ́ ẹ fi sí ara kọ́nféyọ̀, ohun kékeré tó ń ka bí kọ́nféyọ̀ ṣe rìn tó, kó jẹ́ ìrìn ni wọ́n ń kà, kí wọ́n má ka àsìkò. Kẹ́ ẹ tún fi sẹ́ńsọ̀ kan sí iwájú púṣà láti rí i pé ìgò wà níbẹ̀ lóòótọ́, òmíràn sínú ọ̀nà tí ìgò burúkú ń gbà ṣubú láti jẹ́rìí pé ó ṣubú, tí kò bá ṣubú kí láìnì dúró. Àpótí ìgò burúkú yẹn kó ní àgádágodo o. Ìdérí tó wọ́ ò ba júùsì jẹ́ lójú ẹni tó ń lọ sílé láago mẹ́wàá alẹ́.

Èwo wá ni nínú smart camera àti kọ̀ǹpútà? Smart camera ní ọpọlọ ẹ̀ nínú, 24 volt ló ń lò, tí iná bá lọ tó bá dé, á jí padà fúnra ẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà lágbára jù ú lọ, àmọ́ Windows tí iná bá ń pa mọ́ ọn lójú lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ kan ò ní jí mọ́. Tiyín, kámẹ́rà kan fún ìdérí àti bó ṣe kún, ọ̀kan fún déètì, smart camera méjì máa ń tó fún irú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lébẹ̀lì lẹ tún fẹ́ wò yípo yípo, kámẹ́rà mẹ́rin nìyẹn, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wúlò, ẹ ra èyí tí ò ní fáànù, ẹ fi UPS tì í. Ooru náà ń bẹ. Abẹ́ páànù lọ́sàn-án oṣù March, ara kámẹ́rà á gbóná gan-an, ẹ dè é mọ́ irin tó nípọn kí irin máa fa ooru yẹn lọ, ẹ má dè é mọ́ rọ́bà tàbí igi. Wáyà GigE lè rìn dé 100 m, ti USB3 ò ju mítà díẹ̀ lọ, ìyẹn ṣe pàtàkì tó bá jẹ́ pé inú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lẹ fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà sí.

Orúkọ ńkọ́? Cognex ti Amẹ́ríkà ti wà nídìí ẹ̀ láti 1981, Keyence wà ní Japan, Basler ti Jámánì ń ṣe kámẹ́rà tẹ́ ẹ máa wá sọ́fítíwià tiyín sí, bíi HALCON tí àwọn MVTec ní Munich ń ṣe, tàbí OpenCV tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò. Gbogbo wọn ló dáa fún iṣẹ́ yín, mi ò ní tìtorí orúkọ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó wà ní Èkó tó ní ìkejì ẹ̀ nínú sítọ́ọ̀, tó máa gbé fóònù lálẹ́ Sátidé, òun ni kẹ́ ẹ bá ṣe. Kámẹ́rà tó bá bàjẹ́ tó jẹ́ ìlú òyìnbó ni wọ́n ti máa fi òmíràn ránṣẹ́, títí tó máa fi kúrò lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ojú lẹ máa fi máa wo ìgò.

AI tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín, ó ní ibi tó dáa sí. Lébẹ̀lì tó hunjọ, ìgò tó ní ìdọ̀tí, àléébù tí ò ní àwòrán kan pàtó tó jẹ́ pé èèyàn kàn máa wò ó ni á ní èyí ò dáa, ibẹ̀ ló mọ̀ jù. Àmọ́ kí ìdérí ga tàbí kó má ga, kí júùsì dé ìlà tàbí kó má dé e, rúlà ló ń ṣe ìyẹn, ẹ wọ̀n ọ́n ní mm, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà láàárín báyìí sí báyìí. Lọ́jọ́ tí NAFDAC bá bi yín ìdí tí ìgò kan fi kọjá, ẹ lè fi nọ́ńbà hàn wọ́n. Ní ti déètì, ẹ má ṣe ní kó ka ohunkóhun tó bá rí, ẹ ní kó fi wé ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ wá bi ara yín pé ta ló máa sọ fún un lárààárọ̀ pé déètì ti yí? Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ déètì, kó gba déètì látibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ fún ọmọ àárọ̀ kó máa tẹ̀ ẹ́ sí i, Mọ́ńdè kan á gbàgbé, gbogbo ìgò á bọ́ sínú àpótí.

Ó ku owó. Ẹ má san gbogbo ẹ̀ tán kí ẹ tó dán an wò, bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Bẹ̀rẹ̀ láti òní, má jẹ́ kí wọ́n da ìgò burúkú nù mọ́. Kó wọn jọ, ọgbọ̀n ìgò tí ìdérí ẹ̀ wọ́, ọgbọ̀n tí ò kún, ọgbọ̀n tí déètì ẹ̀ bàjẹ́ tàbí tí kò ní, má kó àwọn tó burú bàlàbàlà nìkan o, àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa, tí ìwọ àti súpáfáísọ̀ ti jọ jiyàn lé lórí, àwọn yẹn ló wúlò jù. Fi máákà kọ nọ́ńbà sí ìdí ìgò kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ wọn dé, ẹ dà wọ́n pọ̀ mọ́ ìgò gidi, ẹ sáré wọn bí láìnì ṣe ń sáré gangan, ìgò kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́wàá, ẹ kọ èyí tó kọjá sílẹ̀.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀ ni ìgò gidi tó lé dànù. Ẹni tó ń tà á á ní ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni, á sọ ọ́ bí ẹni sọ ọ̀rọ̀ kékeré. Ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìgò 18,000 jẹ́ 90 ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 16 lójúmọ́, 1,440 nìyẹn, páàkì onígò 12 ọgọ́fà, lójoojúmọ́, tí nǹkan kan ò ṣe. Ó máa tó sú ẹni tó wà nídìí láìnì, ọ̀sẹ̀ kejì á wá ọ̀nà pa á. Mo ti bá bọ́tìnì bypass, èyí tó ń jẹ́ kí gbogbo ìgò kọjá láìka ohun tí kámẹ́rà sọ sí, níbì kan tí wọ́n fi séléótéèpù lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kámẹ́rà ń tan iná wìn-wìn-wìn, gbogbo ìgò ń kọjá.

Tó o bá ti kó ìgò yẹn jọ, pín in sí méjì, fún ẹni àkọ́kọ́ ní díẹ̀, fún ẹnì kejì ní díẹ̀, sọ fún wọn pé fọ́tò lo fẹ́, fọ́tò ìgò burúkú àti ti ìgò gidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú kámẹ́rà àti iná tí wọ́n fẹ́ tà gan-an. Tí ìwọ fúnra ẹ bá wo fọ́tò yẹn tí o ò sì tètè rí ìyàtọ̀, ẹ̀rọ wọn náà ò ní rí i. Ẹni tó bá ní òun ò nílò ìgò, pé òun mọ iṣẹ́ òun, jẹ́ kó máa lọ sílé ẹ̀. Ẹni tó bá sì dá fọ́tò tó dáa padà, fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá ẹ wò ó kí ọ̀gá yín tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Kọ "ẹ má mu ún" gàdàgbà sára àpótí ìgò burúkú yẹn, kó o sì gbé e sínú ọ́fíìsì rẹ kó o ti ilẹ̀kùn, torí tí àwọn ọmọ alẹ́ bá rí i, ìgò òfìfo lo máa bá láàárọ̀.